Ẹrẹ̀ Ni Ó Ń Di Kànga Epo Mú

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tí ó kọjá ní Wàrì, lẹ́yìn tí a ti gbàdúrà, tí a ti kí àwọn tí Ọlọ́run fi ọmọ tuntun ta lọ́rẹ, tí a sì ti bá àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kẹ́dùn, ìyá kan dìde láti ẹ̀yìn, ó nawọ́ sí mi. Ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ mi ti wọ ọdún kẹta ní yunifásítì níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ epo rọ̀bì. Nígbà tí ó dé fún ìsinmi, mo bi í pé kí ni wọ́n ń kọ́ ọ, ó ní ẹrẹ̀ ni. Ẹrẹ̀, Tíṣà! Ṣé gbogbo owó tí mo ń san, ẹrẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ mi?”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo sọ fún màmá pé ọmọ wọn kò purọ́. Akọ̀wé wa ní kí n má ṣe dá ìyókù àlàyé náà sọ́kàn, kí n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́, nítorí ilé tí ó ní ọmọ nídìí ẹ̀kọ́ yìí láàárín wa kò mọ ní ẹyọ kan. Ohun tí mo sì ń kọ nìyí, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ.

Ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ ẹnjiníà epo ní yunifásítì wa. Ọdún méjì àkọ́kọ́ máa ń lọ sórí ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísírì. Nígbà tí ọmọ bá dé ọdún kẹta ni ó máa ń bá gbígbẹ́ kànga pàdé. Bẹ́ẹ̀ ni ní Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni ní Port Harcourt, bẹ́ẹ̀ náà ni ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ epo ní Effurun níhìn-ín ní ọdún 2007. Ilé-ẹ̀kọ́ tí a mọ̀ sí P.T.I., tí ó ti wà ní Effurun láti ọdún 1973, ń kọ́ àwọn tí yóò fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ náà gan-an.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo bá wọ kíláàsì, n kì í mú ìwé jáde. Mo máa ń bi wọ́n pé, “Ta ni ó ti rí ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga omi rí?” Àwọn tí wọ́n dàgbà sí Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìsẹ́yìn a nawọ́ sókè, àwọn ọmọ ìlú ńlá a máa wo ojú ara wọn. Mo ń mú ọ̀kan jáde kí ó sọ ohun tí ó rí. Yóò ní bàbá tí ń gbẹ́ kànga wà nísàlẹ̀, ó ń gé ilẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wà lókè, ó ń fi okùn fa garawa erùpẹ̀ jáde. Bí ilẹ̀ náà bá sì jẹ́ oníyanrìn, wọ́n á gbé òrùka kòǹkéré sọ̀kalẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ kànga má baà ya lu ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ó ti kà yẹn: kí a gé ilẹ̀, kí a kó erùpẹ̀ jáde, kí a di ògiri kànga mú. Kànga epo kò ju mẹ́ta yìí lọ, àfi ìkẹrin kan tí ó burú jù wọ́n lọ. Omi inú kànga ilé máa ń rọra sun wá ni. Epo àti gáàsì tí ó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ kì í rọra wá. A ti há wọn mọ́ ibẹ̀ láti ayébáyé, ọ̀nà ni wọ́n ń wá. A ní láti di ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ mú kí ó má ṣe jáde títí a ó fi ní kí ó jáde.

Ibí yìí ni ẹrẹ̀ ti wọlé. Kò sí ènìyàn kankan tí í wọ inú kànga epo. Ihò náà kò gbà á, ó sì jìn ju ohun tí ojú lè rí lọ: kànga Olóìbírí, níbi tí ilé-iṣẹ́ Shell D'Arcy ti kọ́kọ́ rí epo tí ó tó tà ní ilẹ̀ wa ní ọdún 1956, lé ní 12,000 ẹsẹ̀ bàtà. Páìpù ni wọ́n ń so mọ́ páìpù, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gùn tó nǹkan bí 30 ẹsẹ̀ bàtà, irin olójú líle sì wà ní ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀ tí ó ń yí, tí ó ń jẹ ilẹ̀. Wọ́n á wá fi pọ́ọ̀ǹpù ti ẹrẹ̀ gba inú páìpù náà lọ sísàlẹ̀. Ẹrẹ̀ náà á tú jáde ní ẹnu irin, á gba ẹ̀gbẹ́ òde páìpù padà sókè, á máa gbé wóróbo ilẹ̀ tí irin ti jẹ bọ̀. Lókè, wọ́n á da á sórí asẹ́ ńlá kan tí ń gbọ̀n jìgìjìgì, wóróbo á dúró sórí asẹ́, ẹrẹ̀ á kán sínú táǹkì, pọ́ọ̀ǹpù á tún gbé e lọ. Ẹrẹ̀ yìí ni garawa, òun ni okùn, òun náà ni ó ń ti ògiri kànga kí ó má yà. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ dé ibì kan, wọ́n á sọ páìpù irin gbọọrọ sínú ihò náà, èyí tí wọ́n ń pè ní kéésìn, wọ́n á fi sìmẹ́ǹtì mọ ọ́n mọ́ ilẹ̀, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò tí ó kéré sí i láti inú rẹ̀. Kéésìn lókè lè fẹ̀ tó íǹṣì 30, kí ti ìsàlẹ̀ pátápátá má sì ju íǹṣì 7 lọ.

Ìtàn kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fẹ́ràn. Ní Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, nítòsí ìlú Beaumont, àwọn ọmọ ìyá kan tí orúkọ wọn ń jẹ́ Hamill ń gbẹ́ kànga lórí òkè kékeré tí a ń pè ní Spindletop. Omi lásán ni wọ́n ń tì sínú ihò, yanrìn sì ń ya lé wọn lọ́wọ́ ṣáá. Àwọn ará ibẹ̀ ròyìn pé wọ́n da màlúù sínú adágún omi kan, kí wọ́n fi pátákò tẹ̀ ẹ́ di ẹrẹ̀, wọ́n wá ti ẹrẹ̀ náà sínú kànga, ògiri rẹ̀ sì dúró. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní, ọdún 1901, epo tú jáde láti inú kànga yìí, ó gbé páìpù jù sókè, ó sì ṣàn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n tó rí i dí. Ayọ̀ ni wọ́n fi gbà á nígbà náà. Lójú tèmi, ìlàjì ẹ̀kọ́ nípa ẹrẹ̀ ni wọ́n mọ̀: ó di ògiri mú, kò di epo mú. Ó di ọdún 1922 kí Abercrombie àti Cameron ní ìlú Houston tó ṣe ẹ̀rọ tí a lè fi pa ẹnu kànga dé bí ó bá fẹ́ tú, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní B.O.P. títí di òní.

Báwo wá ni ẹrẹ̀ ṣe ń di epo mú? Ìwúwo rẹ̀ ni. Ìṣirò kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́ kí ọmọ tí ó bá gba ọwọ́ mi kọjá mọ̀ lójú oorun: ìwúwo gálọ́ọ̀nù ẹrẹ̀ kan ní pọ́n-ùn, lọ́nà ìjìnlẹ̀ kànga ní ẹsẹ̀ bàtà, lọ́nà 0.052. Ohun tí ó bá jáde ni agbára tí ẹrẹ̀ fi ń tẹ ìdí kànga, ní pọ́n-ùn lórí íǹṣì kan níbùú àti lóròó. Àwọn ọmọ ti há 0.052 yìí sórí láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ṣáájú wọn. N kì í jẹ́ kí wọ́n lò ó títí wọn yóò fi sọ ibi tí ó ti wá fún mi. Ẹ rò ó bí ọ̀pá tín-ínrín kan tí ìdí rẹ̀ jẹ́ íǹṣì kan níbùú, íǹṣì kan lóròó, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí a bá gé nǹkan bí ṣúgà onígun, íǹṣì kan ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, 12 ni yóò kún ọ̀pá náà. Gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà kan gba 231 irú rẹ̀. Ẹ pín 12 sí ọ̀nà 231, ohun tí ẹ ó rí ni 0.052. Kò sí awo níbẹ̀. Ọmọ tí ó bá sì mọ ibi tí nọ́ńbà ti wá kò ní ṣì í lò ní òru tí kò sí ẹni tí yóò bi.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó. Ká ní kànga jìn ní 10,000 ẹsẹ̀ bàtà, tí gáàsì ìsàlẹ̀ sì ń fi agbára 5,000 ti ẹrẹ̀ padà. Omi lásán, tí gálọ́ọ̀nù rẹ̀ wúwo tó nǹkan bí 8.33, kò ní ju 4,332 lọ. Gáàsì yóò borí. Ẹrẹ̀ 9.6 yóò fún wa ní 4,992, ó kù díẹ̀ káàtó. Ẹrẹ̀ 9.7 yóò fún wa ní 5,044, ó borí. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa sọ pé kí ló dé tí a kò kúkú fi ẹrẹ̀ 15 sí i, kí gbogbo wa lọ sùn. Ilẹ̀ kò gbà á ni. Bí ẹrẹ̀ bá wúwo jù, yóò fọ́ àpáta ìsàlẹ̀, yóò máa ṣàn wọ inú ilẹ̀ lọ, ẹrẹ̀ inú kànga yóò lọ sílẹ̀, gáàsì tí a ń bẹ̀rù yóò sì rí ọ̀nà. Àárín méjèèjì yìí ni ọmọ ní láti máa gbà. Ohun tí wọ́n ń dà sí ẹrẹ̀ kí ó lè wúwo ni òkúta lílọ̀ kan tí ń jẹ́ báráìtì. Àwọn ará wa tí ó wà ní Násáráwá yóò mọ̀ ọ́n, nítorí wọ́n ń wa irú rẹ̀ ní Azara.

Ní ilẹ̀ Niger Delta tí a wà yìí, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Yanrìn ni ó wà lókè, yanrìn àti amọ̀ tí ó ń gorí ara wọn ló tẹ̀ lé e, níbẹ̀ ni epo sì wà. Amọ̀ tí ó nípọn gidi ni ó wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, wọ́n ń pè é ní Akata. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti ń fún gàrí mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá gbé òkúta lé àpò ẹ̀gẹ́, omi a ro jáde, ẹ̀gẹ́ a sì gbé òkúta náà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ inú ọ̀rá ni ẹ dì í sí, omi kò rí ọ̀nà lọ, omi náà ni yóò máa gbé òkúta. Ẹni tí ó bá fi abẹ́rẹ́ gún ọ̀rá yẹn, ojú rẹ̀ ni omi yóò tú sí. Bẹ́ẹ̀ ni amọ̀ tí ilẹ̀ púpọ̀ tètè wọ́ jọ lé lórí kí omi rẹ̀ tó ráyè jáde.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lọ nínú ìdánwò kò ju ẹyọ kan lọ. Kànga òde òní kì í sábà lọ tààrà, ó máa ń dagun lọ bá epo níbi tí ó wà. Páìpù lè gùn tó 12,000 ẹsẹ̀ bàtà, kí ìdí kànga má sì ju 10,000 lọ sílẹ̀. Ọmọ yóò fi 12,000 ṣe ìṣirò pẹ̀lú ẹrẹ̀ 9.6, yóò rí 5,990, yóò fọwọ́ sọ̀yà pé òun ti fi nǹkan bí 1,000 borí gáàsì. Irọ́ ni. 4,992 ni ó ní lọ́wọ́, gáàsì ló borí. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n wo táǹkì omi orí òpó: gíga táǹkì ni ó ń fún omi ẹ̀rọ lágbára, kì í ṣe bí páìpù ṣe ta kókó kiri inú ilé tó. Mo fún ọmọ tí ó bá ṣe àṣìṣe yìí ní òdo nínú ìbéèrè náà, bí gbogbo ìlà ìyókù tilẹ̀ tọ̀nà. Wọ́n ní mo le. Bóyá mo le lóòótọ́.

Bí ìṣirò bá tilẹ̀ pé, iṣẹ́ kò tíì parí. Ẹ ti ọmọ odó bọ inú ìkòkò, ẹ bu omi kún un dé etí, kí ẹ wá yọ ọmọ odó náà. Omi á lọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni nígbà tí wọ́n bá ń fa páìpù jáde kúrò nínú kànga láti pààrọ̀ irin ẹnu rẹ̀. Ẹrẹ̀ á lọ sílẹ̀, agbára rẹ̀ á dín kù, nítorí náà wọ́n ní láti máa bu ẹrẹ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń fà á, kí wọ́n sì máa wọn iye tí kànga gbà. Bí ó bá gbà tó bí ìṣirò ti wí, àlàáfíà ni. Bí ó bá gbà kéré sí i, nǹkan mìíràn ti wọlé gba àyè ẹrẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní kíìkì, nítorí ó dàbí ìgbà tí kànga bá ta ènìyàn nípàá. Gáàsì garawa kan tí ó wọlé láti ìsàlẹ̀ kànga wa yìí lè di nǹkan bí 300 garawa kí ó tó dé òkè, bí a bá fún un láyè. Ẹni tí ó bá rí i kò ní wákàtí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó ní: kí ó dá iṣẹ́ dúró, kí ó pa pọ́ọ̀ǹpù, kí ó wò bóyá kànga ń ṣàn fúnra rẹ̀, bí ó bá ń ṣàn, kí ó sé e. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ pe ọ̀gá.

Ẹ̀yin òbí, apá yìí kan yín ju bí ẹ ti rò lọ. Àwa Yorùbá kọ́ ọmọ wa pé bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ọmọdé kì í já lù ú. Ẹ̀kọ́ rere ni, èmi náà fi kọ́ ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́ nídìí iṣẹ́ yìí, mo wà lórí ẹ̀rọ ìgbẹ́kànga kan nínú irà. Òru ni. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo táǹkì ẹrẹ̀, kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń fa páìpù jáde. Mo rí i pé ẹrẹ̀ tí kànga gbà kò tó. Mo tún un wọ̀n, kò tó náà ni. Ọ̀gá wa, ẹni tí ó tó bàbá mi, ń bá ènìyàn jà lórí tẹlifóònù. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ká ọwọ́ sẹ́yìn, mo ń retí kí ó parí ọ̀rọ̀. Ibi tí mo dúró sí ni mo ti gbọ́ igbe: ọmọ Urhobo kan tí ń fọ ilẹ̀ ibẹ̀, tí kò ní ìwé ẹ̀rí kankan, rí ẹrẹ̀ tí ń ru jáde nígbà tí pọ́ọ̀ǹpù kò ṣiṣẹ́, ó sì figbe ta. Wọ́n sé kànga. Ẹnikẹ́ni kò kú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá pè mí, ó bi mí ìgbà tí mo ti rí i. Mo ní ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú igbe náà. Kò bú mi. Ó ní, “Kí ló dí ọ lẹ́nu?” Mo ní, “Ẹ ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni, sà.” Ó wò mí títí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nítorí òru yẹn ni mo fi ń ṣe eré kan nínú kíláàsì tí kò sí nínú ìwé ẹ̀kọ́. Èmi ni ọ̀gá. Mo ń fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní iye ẹrẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, mo sì ń fi ariwo àti ìbínú dí i lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó mọ ìgbà tí iye náà yí padà, kí ó sé kànga láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Àwọn ọmọkùnrin alágbára máa ń dúró kí n dákẹ́ ná. Ọmọbìnrin kan, ọmọ ilé wa pátápátá, ni ó ṣe é dáadáa jù nínú gbogbo àwọn tí mo ti kọ́. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Mo ti pa pọ́ọ̀ǹpù, mo ti sé kànga. Ẹ wá wò ó.” Lẹ́yìn náà ni ó kúnlẹ̀. Ìkúnlẹ̀ rẹ̀ kò yingin, ṣùgbọ́n kànga ni ó kọ́kọ́ sé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìmọ̀wé nìkan ló ń fa jàǹbá. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin, ọdún 2010, nínú òkun Gulf of Mexico, wọ́n ń dán kànga kan tí ń jẹ́ Macondo wò, bóyá sìmẹ́ǹtì ìsàlẹ̀ rẹ̀ di gáàsì mú. Aago méjì ni wọ́n ń wò. Ọ̀kan fi òdo hàn, èkejì fi 1,400 hàn. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ àgbà nínú iṣẹ́. Wọ́n rí àlàyé kan ṣe fún 1,400 náà, wọ́n gba òdo gbọ́, wọ́n sì ní kí wọ́n fi omi òkun pààrọ̀ ẹrẹ̀ tí ó wúwo. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gáàsì dé òkè, ó gbiná, ènìyàn 11 kú, ẹ̀rọ ńlá náà rì lẹ́yìn ọjọ́ méjì, epo sì ń ṣàn sínú òkun fún ọjọ́ 87. Nílé wa níhìn-ín, kànga Funiwa tú sínú òkun ní oṣù kìíní ọdún 1980, bẹ́ẹ̀ ni ní oṣù kìíní ọdún 2012, gáàsì gbiná ní ẹ̀rọ kan tí ń gbẹ́ kànga ní agbègbè Funiwa yìí kan náà, ènìyàn méjì sì kú. Bí mo bá kọ òdo àti 1,400 yẹn sójú pátákó, tí mo bi kíláàsì pé èwo ni ẹ ó gbà gbọ́, wọ́n máa ń pariwo pé 1,400. Mo wá ń bi wọ́n pé bí ọ̀gá yín bá ní òdo ńkọ́? Ilé a pa rọ́rọ́.

Ẹ̀dùn ọkàn tí mo ní ni pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí ń ka kànga nínú ìwé láìfojú rí i. Ẹ̀rọ ìfidánrawò tí ó dàbí ojú iṣẹ́ gan-an wọ́n gidigidi, kì í ṣe gbogbo ilé-ìwé ni ó ní i. Rọ́bà gbọọrọ tí ń fi inú hàn, garawa àti ẹrẹ̀ tí a fi ọwọ́ pò ni èmi ń lò. Láti ọdún 1973 ni ètò SIWES ti wà, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi lè lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ fún oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n ọmọ náà ni yóò máa gbé lẹ́tà káàkiri Wàrì àti Port Harcourt, láti ẹnu géètì kan dé òmíràn. Ẹni tí kò mọ ẹnìkan á parí rẹ̀ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fi í ra oúnjẹ ọ̀sán. Nínú ẹgbẹ́ wa, a ní àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí ń po ẹrẹ̀, ti sìmẹ́ǹtì, àti àwọn tí ń tún páìpù ṣe. Oṣù mẹ́fà nídìí táǹkì ẹrẹ̀ yóò ṣe ọmọ láǹfààní ju ọ́fíìsì alátẹ́gùn lọ. Kí òbí má sì retí pé ọmọ tí ó gba ìwé ẹ̀rí lónìí ni yóò máa kọ́lé lọ́la. Iṣẹ́ kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹni tí ó bá sì wọlé ní láti padà lọ ṣe ìdánwò dídi kànga mú ní ọdún méjì-méjì, bí ó tilẹ̀ ti hu ewú lórí iṣẹ́.

Akọ̀wé ti ṣí ìwé kan sílẹ̀. Kí ẹni tí ó bá lè gba akẹ́kọ̀ọ́ kan sí ilé-iṣẹ́ rẹ̀, tàbí tí ó ní yàrá kan tí ọmọ láti Ìbàdàn tàbí Iléṣà lè sùn sí fún oṣù mẹ́fà náà, kọ orúkọ rẹ̀ sí i kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé. Ọmọ ìyá tí ó bi mí ní ìbéèrè ni a kọ́kọ́ kọ sókè nínú àwọn tí ń wá àyè. Màmá sì ti rán mi létí pé ìkòkò àwọn ni mo gbà lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ọmọ odó ní ìsinmi tí ó kọjá, n kò tíì dá a padà. Mo ń gbé e bọ̀.